Ẹ̀bùn Kérésìmesì fún tíṣà àti àwọn òṣìṣẹ́ kíláàsì nígbà tí owó ò pọ̀: èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Kẹ́ ẹ tó ronú kan ife tàbí ṣókólétì, ẹ kọ́kọ́ ka orí. Tíṣà kíláàsì nìkan ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń rántí. Ó di ọjọ́ tí ilé ìwé fẹ́ gba ìsinmi kí wọ́n tó rántí pé ẹnì kan wà tó ń bá ọmọ wọn so okùn bàtà, ẹnì kan wà tó ń kọ́ ọ lórin, ẹnì kan sì wà tó ń nu ilẹ̀ nígbà tí ọmọ bá bì sílẹ̀. Ká ní ọmọ méjì lẹ ní nílé ìwé, àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lè tó mẹ́wàá láìfi ẹnikẹ́ni kún un. Ibẹ̀ gan-an lowó ti máa ń já lọ́wọ́ èèyàn. Òbí tó bá ti ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ẹ̀bùn ńlá kan fún tíṣà, ṣe ló máa ń sá fún ojú olùrànlọ́wọ́ tíṣà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni pé kí n gbé àwọn ẹ̀bùn tí àwọn èèyàn sábà máa ń rà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ká wo èyí tó yẹ ta. Mo ti mú tèmi nínú wọn, ẹ ó sì rí i bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ṣáájú, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára ọjà. Ẹ mú gbogbo owó tẹ́ ẹ lè ná láìjẹ gbèsè, ẹ pín in sí iye orí tẹ́ ẹ kà. Bí èyí tó kan ẹnì kan ò bá tó nǹkan, kò sí àbùkù níbẹ̀, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín bóyá ẹni tó gbà á máa lò ó. Ẹ̀bùn tó bá wọ inú dúrọ́ọ̀ tí kò tún jáde mọ́, owó ló ṣòfò, ó tún di ẹrù sọ́rùn ẹni tí wọ́n fún.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ta ẹ̀bùn kì í fẹ́ kí èèyàn béèrè: bí ogún òbí nínú kíláàsì yìí bá ra irú rẹ̀ gan-an ńkọ́? Àwọn ẹ̀bùn kan wà tí ogún wọn dára bí ẹyọ kan. Ogún lẹ́tà kì í pọ̀ jù. Àmọ́ ogún ife, ibo ni èèyàn fẹ́ kó o sí?

Ara àti ẹ̀sìn náà tún wà níbẹ̀. Tíṣà kan lè má fẹnu kan ṣúgà, òórùn lófíńdà lè máa mú òmíràn sín. Kì í sì í ṣe gbogbo tíṣà ló ń ṣe Kérésìmesì. Mùsùlùmí lè gba ẹ̀bùn yín tayọ̀tayọ̀ kó má ṣe ọdún náà, Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í sì í ṣe é rárá. Fún irú wọn, ẹ yọ igi ọdún àti ìràwọ̀ kúrò lára bébà tẹ́ ẹ fi di í, kẹ́ ẹ kọ “a dúpẹ́ fún táámù yìí” dípò “ẹ kú ọdún Kérésìmesì.” Bẹ́ ẹ bá rò pé àkókò náà kò ní dẹ̀ ẹ́ lára, ẹ lè fi tirẹ̀ pamọ́ di ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, ti ń ṣe ní Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé láti ọdún 1994. Kò sí ẹ̀sìn tó ni ọjọ́ yẹn.

Èyí tó kẹ́yìn nínú ìwọ̀n yìí ni òfin ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé, pàápàá ti ìjọba, ló ní òfin lórí ohun tí òṣìṣẹ́ lè gbà lọ́wọ́ òbí. Àwọn kan fi òpin sí iye rẹ̀, àwọn kan ní kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé, àwọn mìíràn ò fẹ́ rí owó rárá. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì kẹ́ ẹ tó rajà. Bí kò tiẹ̀ sí òfin, ẹ̀bùn tó bá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tí èsì ìdánwò ò tíì jáde, máa ń jọ rìbá lójú àwọn ẹlòmíràn, tíṣà ni ojú á sì tì.

Lẹ́tà tí ọmọ kọ fúnra rẹ̀

Òun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà ni mo fi ṣáájú gbogbo wọn. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ láti tu ẹni tí kò lówó nínú. Ẹ bi tíṣà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pé kí ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí àwọn òbí ti fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, páálí kan tó kún fún lẹ́tà àti àwòrán ni yóò fà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣókólétì ti tán, ife ti fọ́, ìpara ti gbẹ.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà ju lẹ́tà lọ. Káàdì tí wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, tí ọmọ kàn kọ orúkọ sísàlẹ̀ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo méjì yìí. Àkọ́kọ́ ní: “Ẹ ṣé, tíṣà wa. Ẹ̀yin lẹ dára jù láyé. Ẹ kú ọdún.” Ìkejì ní: “Ẹ ṣé tí ẹ jókòó tì mí lọ́jọ́ tí mo ń sunkún nítorí ìṣirò ìdá. Ẹ ká bébà sí mẹ́rin, ẹ ní kí n ya ẹyọ kan. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, mo tiẹ̀ ti fi kọ́ àbúrò mi.” Ọmọ kan náà ló lè kọ méjèèjì. Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni pé òbí béèrè ohun kan pàtó lọ́wọ́ ọmọ nínú ìkejì: “Sọ ọjọ́ kan tí tíṣà ràn ẹ́ lọ́wọ́ fún mi.” Ìbéèrè kan péré ni, ṣùgbọ́n òun ló ń bí lẹ́tà tí tíṣà á tọ́jú.

Bí ọmọ ò bá tíì mọ̀wé kọ, kó sọ ọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má bá a tún un ṣe. Bó bá ní “mo fẹ́ràn yín torí ẹ kì í pariwo mọ́ Túndé jù,” bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, tíṣà á rẹ́rìn-ín títí. Kí ọmọ wá ya àwòrán sí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọdún àti orúkọ kíláàsì sẹ́yìn bébà, torí tíṣà tó ń kọ́ ọmọ tuntun lọ́dọọdún lè má rántí Àdùkẹ́ wo ló kọ ọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí kì í ronú kàn: ẹ kọ lẹ́tà kejì sí ọ̀gá ilé ìwé, kẹ́ ẹ sọ ohun tí tíṣà náà ṣe, ní ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè wọ inú fáìlì òṣìṣẹ́, kó sì wúlò fún un lọ́jọ́ ìgbéga. Kò ná yín ní nǹkan kan. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀bùn orí àtẹ kankan tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Àkókò ni ìṣòro lẹ́tà. Ẹ sún un di alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọmọ á fi ìkanra kọ ọ́, ó sì máa hàn nínú ìlà rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹyọ kan lọ́jọ́ kan.

Ohun jíjẹ

Ṣókólétì, bísíkíìtì, kéèkì tí wọ́n ṣe nílé. Àǹfààní wọn ni pé wọ́n rọrùn láti pín, wọ́n sì ń tán. Tíṣà tí kò bá fẹ́ ẹ á gbé e kalẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá ìsinmi, kò ní ṣòfò. Fún ẹni tó fẹ́ fún èèyàn púpọ̀ ní nǹkan láìná púpọ̀, páálí bísíkíìtì ńlá kan tẹ́ ẹ tú sínú àpò kéékèèké ló dín owó kù jù lọ.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ara àwọn kan kì í gba oúnjẹ kan, ọ̀rọ̀ náà sì lè la ẹ̀mí lọ. Mílíkì, ẹyin, ẹja, edé àti àwọn ìbátan rẹ̀, ẹ̀pà, àwọn èso oníhóró bí kaṣú, àlìkámà àti ẹ̀wà sóyà ni òfin oúnjẹ ní Amẹ́ríkà kà sí olórí àwọn ohun tó ń fa èyí, wọ́n sì fi hóró sesame (yànmọ̀tí) kún un ní ọdún 2023. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá tú bísíkíìtì kúrò nínú páálí, ẹ gé ibi tí wọ́n kọ èròjà rẹ̀ sí, kẹ́ ẹ so ó mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sè é nílé, ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fi sí i sórí bébà, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ sè é. Ká má tàn ara wa, ọ̀pọ̀ tíṣà kì í jẹ ohun tí wọ́n sè nílé tí wọn ò mọ̀. Tíṣà tó ti rí ọwọ́ ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ní gbogbo ọdún mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Èyí tí wọ́n dì láti ilé iṣẹ́ ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù.

Fún Mùsùlùmí, ẹ wo ara súwíìtì rírọ̀ bóyá ó ní gelatin, èròjà tó ń mú un rọ̀, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ sì yẹra fún ṣókólétì tí wọ́n rọ ọtí sínú rẹ̀. Ṣókólétì fúnra rẹ̀ ò fẹ́ ooru. Ọ̀rá kòkó inú rẹ̀ ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 34 lórí Celsius, tó kéré díẹ̀ sí ooru ara èèyàn, ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbé sínú oòrùn sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bó bá ti yọ́ tó tún dì, àwọ̀ funfun á bò ó lójú. Kò tíì bàjẹ́ o, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe ẹ̀bùn?

Ife, àbẹ́là, lófíńdà àti ohun ẹ̀ṣọ́

Mi ò ní pẹ́ lórí ìwọ̀nyí. Ife tí wọ́n kọ “Tíṣà Tó Dára Jù” sí ni àpẹẹrẹ ẹ̀bùn tí ogún rẹ̀ ń di ìyà. Lófíńdà àti àbẹ́là olóòórùn dà bí aṣọ tí wọ́n rán láìwọn ara ẹni: ó lè bá a mu, ó sì lè má bá a mu, bẹ́ẹ̀ òórùn líle lè gbé ikọ́ fée (asthma) dìde lára ẹni tó ní in. Ohun ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ń ṣe igi ọdún lọ́ṣọ̀ọ́ kò wúlò fún ẹni tí kì í gbé igi ọdún kalẹ̀. Bí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀kan, tó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ìyẹn yàtọ̀. Ìbátan lẹ́tà ni. Òdòdó inú ìkòkò kékeré sàn ju gbogbo wọn lọ, àmọ́ ẹ rántí pé wọ́n á ti ilé ìwé pa fún ìsinmi, tíṣà ló máa gbé e relé, bóyá nínú bọ́ọ̀sì.

Káàdì ilé ìtajà, àti owó

Káàdì tí wọ́n ti sanwó sínú rẹ̀, tí ẹni tó ni ín á fi lọ ra ohun tó wù ú, ni ọ̀pọ̀ tíṣà á mú bí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ tòótọ́. Kò béèrè pé kẹ́ ẹ mọ ohun tó fẹ́, kì í gba àyè, ogún rẹ̀ kì í sì í pọ̀ jù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iye owó hàn lójú rẹ̀. Ẹ̀bùn kékeré tẹ́ ẹ dì dáadáa kì í sọ iye tẹ́ ẹ rà á. Káàdì ń sọ ọ́. Fún ẹni tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n, ìyẹn lè mú un rò pé kò tó, bẹ́ẹ̀ iye tó kéré jù tí ilé ìtajà máa ń gbà sínú káàdì lè ju ìpín ẹnì kan lọ lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìdáwójọ ló yẹ káàdì jù.

Bẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ wo ohun mélòó kan. Ìgbà wo ni àkókò tí wọ́n lè fi ná an á parí? Ṣé wọ́n ń yọ owó lára rẹ̀ bí ẹnì kan ò bá tètè lò ó? Ṣé ó ṣeé ná lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ó di kí tíṣà wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan pàtó? Ẹ rí i pé ẹni tó ń gbowó níbẹ̀ ṣí káàdì náà kó lè ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí káàdì tí wọn ò ṣí kò yàtọ̀ sí páálí lásán, tíṣà kì í sì í lè padà wá sọ fún yín pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi rìsíìtì sínú àpòòwé. Ẹ tún wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ti ha ibi tí nọ́ńbà wà. Bí wọ́n bá ti ha á, ẹ má gbà á.

Owó nínú àpòòwé ńkọ́? Ní àwọn ibì kan, kò sí ohun tó burú níbẹ̀; ní àwọn ibòmíràn, òun gan-an ni òfin kọ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣiyèméjì, káàdì ni kẹ́ ẹ mú.

Ohun èlò kíláàsì

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí èyí. Àwọn kan ní bí ẹ bá fún tíṣà ní máákà, ilé ìwé lẹ fún lẹ́bùn, kì í ṣe òun. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì: ọ̀pọ̀ tíṣà ló ń fi owó àpò ara wọn ra nǹkan wọ̀nyí. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí tí ìjọba ṣe fún ọdún ẹ̀kọ́ 2014 sí 2015, tíṣà 94 nínú 100 ní ilé ìwé ìjọba ló sọ pé àwọn ti ná owó ara wọn sórí ohun èlò kíláàsì láìrí i gbà padà. Bí orílẹ̀-èdè tó lówó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fojú inú wo ibòmíràn. Máákà tẹ́ ẹ rà jẹ́ owó tí kò ní jáde mọ́ lápò rẹ̀ lóṣù Kìíní.

Ibi tí àwọn òbí ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń ra èyí tí kò dára nítorí ó pọ̀ nínú páálí. Máákà méjìlá tó gbẹ lọ́sẹ̀ kejì kò tó mẹ́rin tó ń kọ. Àwọ̀ dúdú àti búlúù ni kó pọ̀ jù níbẹ̀, torí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kì í rí àwọ̀ ìyeyè tàbí ti ọsàn dáadáa. Ẹ kà á lára rẹ̀ dájú pé irú tó ṣeé nù kúrò lára pátákó funfun ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí tíṣà rántí yín, ẹ kọ ìmọ̀ràn méjì sórí bébà kékeré kẹ́ ẹ so ó mọ́ páálí náà: kó máa fi máákà sùn sílẹ̀ ní ìbú, kó má nà án dúró pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ sókè, kó má bàa tètè gbẹ, bí ẹnì kan bá sì fi máákà tí kì í parẹ́ kọ sórí pátákó, kó fi máákà tó ṣeé nù tọ ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún kíákíá. Èròjà olómi inú máákà kejì á tú ti àkọ́kọ́, méjèèjì á bá ara wọn lọ.

Yàtọ̀ sí máákà, pẹ́ńsù onígun mẹ́fà (tí kì í yí bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì), ìrésà, gúlúù àti bébà aláwọ̀ ni wọ́n máa ń tètè tán. Kí èyí má bàa dà bí ìgbà tẹ́ ẹ ń sanwó ilé ìwé, ẹ fi ohun kan tó jẹ́ ti tíṣà nìkan sínú rẹ̀: bíírò dídára kan, tàbí jọ́tà tí èèpo rẹ̀ le tó lè gbé sínú báàgì. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ìyẹn kí ó hàn pé tirẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá mọ tíṣà náà dáadáa, ẹ bi í ní tààrà pé kí ló ti tán. Inú rẹ̀ á dùn ju kẹ́ ẹ máa méfò lọ.

Ohun tó wà fún ara tíṣà

Ìpara ọwọ́, ibọ̀sẹ̀ rírọ̀, fúláàsì ìmumi. Mo fẹ́ràn ìpara ọwọ́ jù nínú wọn. Tíṣà ọmọdé ń fọwọ́ léraléra lójúmọ́, ó ń fi ọtí ìpawọ́ pa á, ẹfun pátákó sì tún ń fa omi ara jáde lọ́wọ́ ẹni tó bá ń lò ó. Ẹ wá èyí tí kò ní òórùn, tí gílísíríìnì wà lára àwọn èròjà tí wọ́n kọ ṣáájú. Gílísíríìnì ló ń fa omi mọ́ awọ ara. Túùbù kékeré tó lè wọ àpò aṣọ wúlò ju ìgò ńlá lọ, owó rẹ̀ sì kéré.

Fúláàsì wọ́n jù wọ̀nyí lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tẹ́ ẹ ń rà. Irin onípele méjì tí kò sí atẹ́gùn láàárín rẹ̀ ló ń mú tíì gbóná títí di ọ̀sán; èyí tó jẹ́ ike onípele kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rọ omi sínú rẹ̀, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ mì í. Bó bá jò, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá gbogbo kíláàsì ló máa bá báàgì yẹn lọ. Ẹ tún wo ẹnu rẹ̀: ṣé ọwọ́ lè wọlé láti fọ̀ ọ́? Fún ẹnì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ́ sí gidi, ó dára. Fún èèyàn mẹ́wàá, kò ṣeé ṣe.

Ìdáwójọ

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, kíláàsì kan tó bá da owó kékeré pọ̀ lè ra ohun tí òbí kan ò lè dá rà. Ìpín yín á kéré, tíṣà á rí ohun gidi gbà, olùrànlọ́wọ́ náà ò sì ní gbẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá yọ lẹ́tà kúrò, tẹ́ ẹ wo gbogbo ìwọ̀n tí a fi bẹ̀rẹ̀, òun ló mókè, yàtọ̀ sí kùdìẹ̀-kudiẹ kan: bí wọ́n bá ṣe é láìdáa, ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú gúrúùpù WhatsApp.

Báwo la ṣe ń ṣe é dáadáa? Kí ẹni tó ń gba owó má dá iye kan fún ẹnikẹ́ni. Kó kọ ọ́ báyìí: “Ẹni tó bá wù lè fi ohunkóhun ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì ni yóò wà lórí káàdì.” Gbólóhùn kejì yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ò rí nǹkan kan fi ránṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọnù lórí káàdì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ lẹ orúkọ àwọn tó san àti iye tí wọ́n san mọ́ inú gúrúùpù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rí ìyá kan tó kúrò nínú gúrúùpù náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí owó bá pé, kí ẹni tó gbà á fi àwòrán rìsíìtì síbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Kí wọ́n pinnu ṣáájú bí wọ́n á ṣe pín in. Kí ti tíṣà ju ti olùrànlọ́wọ́ lọ díẹ̀, ìyẹn kò burú, àmọ́ kó má ju ìlọ́po méjì lọ, torí inú kíláàsì kan náà ni wọ́n á ti ṣí àpòòwé wọn. Ẹ sì wádìí òfin, nítorí ibi tó fàyè gba ẹ̀bùn kékeré láti ọwọ́ òbí kọ̀ọ̀kan lè ní òpin mìíràn fún ti kíláàsì lápapọ̀.

Àwọn tí kì í ṣe tíṣà

Olùrànlọ́wọ́ tíṣà, ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, awakọ̀ ilé ìwé, àwọn tó ń se oúnjẹ, akọ̀wé ọ́fíìsì. Ẹ̀bùn ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ tiwọn, nítorí náà ohun kékeré máa ń lágbára púpọ̀ lójú wọn. Ohun kan náà ni kẹ́ ẹ rà fún gbogbo wọn, kó má bàa sí ìfiwéra: àpò bísíkíìtì kan tàbí ìpara ọwọ́ kékeré kan, pẹ̀lú lẹ́tà. Ẹ wádìí orúkọ wọn kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. “Sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà” kò dára tó orúkọ ọkùnrin tó ti ń ṣí géètì fún ọmọ yín láti ọdún mẹ́ta. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ fi lé wọn lọ́wọ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí owó ò bá sí rárá, lẹ́tà fún gbogbo wọn, àti ẹyọ kan sí ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ má fi bísíkíìtì olówó pọ́ọ́kú kún un nítorí ojú ayé.

Bí owó díẹ̀ bá wà, tí èèyàn sì pọ̀, ká ní owó náà jẹ́ ìpín mẹ́wàá. Ẹ fi mẹ́ta ra nǹkan fún tíṣà kíláàsì, ẹ fi méjì ra ti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi márùn-ún tó kù ra ohun kan náà lọ́pọ̀ fún àwọn yòókù. Lẹ́tà bá ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ.

Òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì àwọn kékeré, níbi tí tíṣà kan ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, ohun èlò kíláàsì pẹ̀lú bíírò kan ni mo mú fún un. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì, tí tíṣà rẹ̀ tó mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kó má gbìyànjú láti ra nǹkan fún gbogbo wọn. Kí ọmọ yan méjì tàbí mẹ́ta tó ràn án lọ́wọ́ jù lọ́dún yìí, kó kọ lẹ́tà sí wọn. Òun ló mọ̀ wọ́n.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ wá sí ilé ìwé náà, tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni, kó wọ ìdáwójọ. Ẹni tí tíṣà ṣe ohun ńlá kan fún ọmọ rẹ̀, bóyá ó dúró lẹ́yìn àkókò iṣẹ́ láti kọ́ ọ ní ìwé kíkà, fúláàsì dídára tàbí káàdì ilé ìtajà yẹ ẹ, bí òfin bá gbà á. Ẹ mú un lọ ní bíi ọjọ́ mẹ́ta kí ilé ìwé tó ti, kí ẹrù má bàa wọ́ jọ sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Bí ilé ìwé bá sì ti gba ìsinmi kẹ́ ẹ tó ka èyí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìíní náà dára. Àsìkò yẹn ni máákà àti bébà máa ń wúlò jù, kò sì sí ẹ̀bùn mìíràn lórí tábìlì tí tiyín á sọnù sáàárín rẹ̀.